Ọmọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Jẹ́ńtù

Ìgbátí náà dún débi pé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ poro dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Badirat ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí òsì rẹ̀, ó sì jókòó sórí ebè láìmọ̀ pé òun jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀, dúró lé e lórí. Ìtàkùn iṣu tí ọmọ náà fi ọkọ́ ṣèèṣì gé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ rọra ro ìdí iṣu. Ṣé iṣu bàbá rẹ ni?"

Kì í ṣe iṣu bàbá Badirat lóòótọ́, kì í sì í ṣe iṣu ilé-ìwé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ìwé girama tó wà ní Ọ̀sì yìí tí kò mọ̀ pé ti tíṣà fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko ilé-ìwé. Òjò ọdún 1981 ti rọ̀ dáadáa, koríko ti fẹ́ bo iṣu mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní ni tíṣà sì ń kó lọ síbẹ̀ ní àkókò tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì.

Moróhunfọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fọ́ọ̀mù kẹrin ló wà, òun sì ni pírífẹ́ẹ̀tì tó ń mójú tó iṣẹ́ oko. Ó rí ọwọ́ tíṣà nígbà tó gbé e sókè, ó rí ibi tó balẹ̀ sí, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka ọmọ náà. Àyà rẹ̀ gbóná. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: kí ló dé tí ẹ fi gbá a, sà? Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Tíṣà yíjú sí i. "Moróhunfọ́lá, o rí i pé ṣe ni ọmọ yìí yọ̀, tó fi etí lu ebè, àbí?"

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ó dáa," tíṣà ní. "Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ nìyẹn. O jẹ́ńtù."

Orúkọ yẹn ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọffà ni àwọn tíṣà ti ń sọ fún Lazarus bàbá rẹ̀ pé, "Ọmọ yín yìí mà jẹ́ńtù o." Lazarus, àgbẹ̀ tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, a rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n Moróhunfọ́lá bá mú ẹran lórí oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á ní kò burú, ọmọ jẹ́ńtù ni. Bí wọ́n bá nà án nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe, wọ́n á yìn ín pé kò bínú. Wọn kò mọ̀ pé ó ń bínú. Ó ń bínú nígbà tó bá ń pọn omi, ó ń bínú nígbà tó bá ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn jẹ́ pé ìbínú náà kì í dé ẹnu rẹ̀ ni. Inú ló ń tò ó jọ sí bí igi ìdáná.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, etí Badirat ti ń tú ọyún. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ilé ibùsùn kò lè sùn nítòsí rẹ̀ nítorí òórùn, òun náà kò sì lè sùn nítorí ìrora. Nígbà tí Àmúdàtù ìyá rẹ̀, tó ń yan gàrí tà ní Ọbbo-Ilé, gbọ́, ó wá gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ọ̀mù-Àrán. Dókítà yẹ etí náà wò, ó ní awọ inú rẹ̀ ti ya, kò sì dájú pé ọmọ náà yóò tún fi gbọ́ràn. Láti ilé-ìwòsàn ni Àmúdàtù ti fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ọ́fíìsì pírínsípà.

Kí wọ́n tó wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì pírínsípà ti kọ́kọ́ pe Moróhunfọ́lá nìkan. Ó ń nu awò ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Sáà tó ń bọ̀ la máa yan olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ, èmi náà sì fara mọ́ ọn. O jẹ́ńtù, o kì í kó ilé-ìwé sí wàhálà. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ìyá ọmọ yẹn wà níta. Tíṣà ní ọmọ náà ṣubú ni. Ohun tí o rí ni kí o sọ."

Moróhunfọ́lá mọ ohun tí pírínsípà ń béèrè lọ́wọ́ òun. Ó tún mọ bí inú bàbá òun yóò ṣe dùn tó bí wọ́n bá kéde orúkọ òun. Nígbà tí Àmúdàtù àti Badirat wọlé, ilẹ̀ ni Moróhunfọ́lá ń wò.

"Ẹ sọ fún wọn, Sẹ́níọ̀," Badirat ní. Ó yí orí kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí i. "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn."

Moróhunfọ́lá ní, "Ó ṣubú lórí ebè, sà."

Badirat kò sunkún. Àmúdàtù ló sún mọ́ Moróhunfọ́lá, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi í ní ohùn tí kò ròkè rárá pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ?"

Pírínsípà ní ó tó. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ní kí Badirat lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é, nítorí pé ó parọ́ mọ́ tíṣà. Ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ gba ẹnu géètì jáde. Láti ojú fèrèsé kíláàsì ni Moróhunfọ́lá ti rí wọn. Inú bí i sí pírínsípà, inú bí i sí tíṣà, inú sì bí i sí ara rẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni Ìyáàfin Adéjùmọ̀, tó ń ti Odò-Ọwá wá kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pín ọ̀rọ̀ fún kíláàsì. Ó ní kí olúkúlùkù lọ wo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní yàrá ìkàwé, kó wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó kan Moróhunfọ́lá, ó ní, "Ìwọ, 'gentle'." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni 'jẹ́ńtù' ti wá.

Ó lọ wò ó. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ kà kò yà á lẹ́nu: ẹni pẹ̀lẹ́, ẹni tí kì í le koko, afẹ́fẹ́ tí kò jà. Ó fi ìka tọ ọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ní wọ́n tún ń lo ọ̀rọ̀ náà fún kí ènìyàn tu ẹṣin lójú, kó rọ̀ ọ́ títí yóò fi gbà kí wọ́n gun òun. Ó tún tọ ọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ìdin pẹ̀lú ni, ìdin eṣinṣin tí àwọn apẹja máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀.

Ó tún un kà. Ìdin ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lú agbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìkàwé fi gbójú sókè, kò sì ka èyí tó kù.

Ní ọjọ́ kejì, ó dìde ní kíláàsì, ó sọ ohun tó kà bó ṣe rí i: ẹni pẹ̀lẹ́, ẹṣin tí wọ́n ti rọ̀, ìdin. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ìtìjú ló ń gbọ̀n ọ́n. Sulaiman, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, ní, "Ìdin." Kí aago oúnjẹ tó lù, orúkọ tuntun náà ti dé ilé ìjẹun ṣáájú rẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti ká Sulaiman mọ́. Ó fi ọwọ́ kan di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó sì gbé ọwọ́ kejì sókè. Sulaiman, tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, fi apá bo etí rẹ̀. Moróhunfọ́lá rí apá yẹn, ó sì rí ọwọ́ ara rẹ̀ lókè. Bákan náà ni ọwọ́ tíṣà ṣe wà kó tó balẹ̀ sí etí Badirat. Ó tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀.

Ìyáàfin Adéjùmọ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tíṣà, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pè é.

"O kò ka ọ̀rọ̀ náà tán."

"Mo ka èyí tó tó mi, mà."

"Kò tó. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ńkọ́?" Ó lọ gbé ìwé náà wá láti yàrá ìkàwé, ó jókòó, ó ṣí i sórí itan rẹ̀. Obìnrin tó ń yára sọ̀rọ̀ ni, tí kì í sì í bẹnikẹ́ni. "Inú èdè Látìn ló ti wá. Ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀ ni ẹni tó jẹ́ ti ìran kan, ọmọ ẹbí kan náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ó di ọmọ ọlọ́lá, ọmọ tí ilé rẹ̀ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ ni irú ilé tó ti wá, àti ẹni tó bí i."

Ọ̀rọ̀ náà gún Moróhunfọ́lá. Ìbéèrè tí Àmúdàtù bi í ní ọ́fíìsì ni tíṣà yìí tún sọ láìmọ̀.

"Báwo ló ṣe wá di pẹ̀lẹ́, mà?"

"Wọ́n ní ẹni tí a bí ire, tó ní ilẹ̀, tó ní idà, kò yẹ kó máa fi agbára rẹ̀ ni ẹni tí kò lágbára lára. Wọ́n ní ó yẹ kó rọra. Nígbà tó pẹ́, rírọra yẹn ló gba ọ̀rọ̀ náà."

"Ṣé wọ́n sì ń rọra lóòótọ́?"

Ìyáàfin Adéjùmọ̀ rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Púpọ̀ wọn kò rọra. Àwọn ọlọ́lá ló ń fi pe ara wọn, kì í ṣe àwọn tó ń ro oko wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi yin ẹṣin tó bá jẹ́ kí wọ́n gun òun. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè ọ́, kí o sì wo ohun tó fẹ́ kí o ṣe fún òun."

Moróhunfọ́lá ní, "Mà, Badirat kò ṣubú."

Ìyáàfin Adéjùmọ̀ pa ìwé dé. "Mo fura bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sí lóko yẹn. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń ṣe ìlara ẹlẹgbẹ́ mi. Ìwọ lo wí pé ó ṣubú, ìwọ ni wọ́n á gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Ọjọ́ Sátidé tí àwọn òbí máa ń wá ni Lazarus bá ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ìlọffà, ó gbé iṣu àti epo pupa dání. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, Moróhunfọ́lá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lazarus tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tíṣà ni, kì í ṣe tìrẹ. O kù díẹ̀ kí o jáde. Ìwọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ jẹ́ńtù."

"Ta ni mo ń jẹ́ńtù fún, Bàbá? Ṣé Badirat ni, àbí ẹni tó fọ́ ọ létí?"

Kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lazarus wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. A kò ní ẹnìkan, Moróhunfọ́lá. Bí wọ́n bá lé ọ, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Àgbẹ̀ ni mí."

"Ìyá Badirat náà kò ní ẹnìkan. Ẹ̀rù ló ń bà wá, Bàbá. Ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, ẹ̀yin ń pè é ní ìwà."

Ojú Lazarus pọ́n. Ó dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó sì lọ dúró de ọkọ̀ lójú títì láìdágbére. Moróhunfọ́lá kò sáré tẹ̀ lé e. Ó gbé iṣu àti epo lọ sí ilé ibùsùn, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìjẹun jáde. Kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọbbo-Ilé.

Ó bá Badirat lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Òwú funfun wà ní etí rẹ̀. Moróhunfọ́lá pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè, nítorí pé apá òsì ló gbà wọlé. Nígbà tí Badirat rí i, ó kàn ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Àmúdàtù fi ìdí agbada sílẹ̀, ó dúró ti ọmọ rẹ̀, èéfín igi ń bò wọ́n.

"Kí lo wá wò?"

Moróhunfọ́lá kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, mà. Tíṣà ló gbá a. Mo rí i."

"Èmi kò nílò kí o wá sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi." Ohùn Àmúdàtù gbẹ. "Ọmọ mi kò gbọ́ bí mo bá pè é láti yàrá. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. O wá kúnlẹ̀ fún mi nínú ilé mi níbi tí kò sí ẹni tó rí ọ. Ibi tí o ti parọ́, lọ sọ òótọ́ níbẹ̀."

"Màá sọ ọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mà. Ẹ wá gbọ́ ọ."

Àmúdàtù wá lóòótọ́, ó sì mú Badirat dání. Wọ́n dúró lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pápá tí wọ́n ti ń gbàdúrà òwúrọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe àmín, Moróhunfọ́lá jáde kúrò lórí ìlà, ó sì lọ dúró níwájú.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, mo ní ọ̀rọ̀. Badirat kò ṣubú. Oko Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga là ń ro lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oko ilé-ìwé. Wọ́n gbá a létí nítorí ìtàkùn iṣu kan. Mo rí i, mo sì parọ́ nítorí pé mo fẹ́ jẹ olórí."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga ti jáde láàárín àwọn tíṣà. "Kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ta ló rán ọ? Ìwọ tí o jẹ́ńtù tẹ́lẹ̀."

"N kò ní í kúnlẹ̀, sà." Ara rẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ lágbára ló yẹ kí ẹ rọra. Ọmọ Fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní ni. Kí ló lè fi yín ṣe?"

Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kékeré kan lórí ìlà Fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní na ọwọ́ sókè, ó ní òun náà rí i. Òmíràn na ọwọ́, lẹ́yìn náà òmíràn, títí àwọn tó wà lóko lọ́jọ́ náà fi na ọwọ́ tán. Pírínsípà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sí kíláàsì.

Moróhunfọ́lá jẹ ìyà ohun tó ṣe. Wọ́n gba oyè pírífẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ sílé fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó jáde láìgba àyè, ó sì bá tíṣà jiyàn níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Oyè olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó dé Ìlọffà, Lazarus kò bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, ó dá múra, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀sì, ó sì sọ fún pírínsípà pé ọmọ òun kò ṣẹ̀, pé ó yẹ kí òun ti wá ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n wá láti Ìlọrin, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọn kò lé Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn ni. Ìyẹn ń bí Moróhunfọ́lá nínú títí dòní, ó sì yẹ kó bí i nínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí tíṣà tó tún kó ọmọ lọ sí oko ara rẹ̀ ní ilé-ìwé yẹn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Badirat padà.

Iwájú ni wọ́n fi Badirat sí ní kíláàsì, lọ́wọ́ òsì, kí etí tó kù lè kọjú sí tíṣà. Moróhunfọ́lá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà yàrá ìkàwé ní ọjọ́ tí òun náà padà dé, ó sì kí i.

"Mo gbọ́ yín, Sẹ́níọ̀," Badirat ní. "Ẹ sọ ọ́, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi sí yín."

"Ó yẹ kó bí ọ," Moróhunfọ́lá dáhùn. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìwà pẹ̀lẹ́ dára. Ẹni tó bá lágbára, tó sì rọra pẹ̀lú ẹni tí kò ní, ọmọlúàbí ni, ilé yòówù kó ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yìn yín nítorí pé ẹ dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ibi sí ẹlòmíràn, ẹ má gba ìyìn náà. Ẹ bínú, kí ẹ má gbá ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí ní ọjọ́ tí ẹ rí i gan-an. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ kejì, ẹnìkan ni yóò fi ara rẹ̀ san án.